Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Àwọn Àjọ Aláàánú, Ìjọba, àti Àfojúsùn Àgbáyé Tó Ń Bọ̀ Lẹ́yìn 2030

Lẹ́yìn tí a tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde pé ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lórí ohun tí yóò rọ́pò àwọn àfojúsùn ìdàgbàsókè àgbáyé tí a ń pè ní SDGs nígbà tí àsìkò wọn bá pé ní ọdún 2030, àwọn òǹkàwé wa kọ̀wé láti ilé àti láti òkè òkun. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń béèrè ni ipa tí àwọn àjọ aláàánú ń kó: kí ló kàn wọ́n nínú ohun tí àwọn ìjọba ń fẹnu kò lé lórí? A mú lẹ́tà mẹ́rin, a sì gé wọn kúrú níbi tó yẹ.

*“Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi owó ránṣẹ́ lóṣooṣù sí àjọ aláàánú kan níbí tó ń gbẹ́ kànga nílẹ̀ Áfíríkà. Láìpẹ́ yìí ni wọ́n kọ̀wé sí mi pé kí n kọ lẹ́tà sí aṣòfin àdúgbò mi, kí n ní kó bá ìjọba sọ̀rọ̀ nípa àfojúsùn àgbáyé. Inú bí mi. Owó kànga ni mo fún wọn, n kò fún wọn lówó òṣèlú. Ṣé òfin gbà wọ́n láyè? Kí sì ni lẹ́tà mi lè ṣe?” — Ìyá Ìbejì, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù*

Ìyá wa, ẹ kú ìnáwó. Òfin gbà wọ́n láyè, ṣùgbọ́n ó pa ààlà fún wọn. Ní England àti Wales, Charity Commission ló ń mójú tó àwọn àjọ aláàánú, ìlànà rẹ̀ sì ni pé a kò gbọdọ̀ dá àjọ aláàánú sílẹ̀ nítorí òṣèlú, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ ti ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí olùdíje kankan lẹ́yìn. Ó lè polongo pé kí ìjọba yí òfin tàbí ìlànà kan padà, bí ìyípadà náà bá máa ran iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ dá àjọ náà sílẹ̀ lọ́wọ́. Nítorí náà, àjọ tó ń gbẹ́ kànga lè bẹ mínísítà pé kí ó jà fún ọ̀rọ̀ omi nígbà tí ó bá dé ìpàdé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York, ṣùgbọ́n kò lè sọ ẹgbẹ́ tí ẹ máa dìbò fún. Láti 2014 ni òfin mìíràn tún ti fi gbèdéke sí iye tí wọ́n lè ná lórí irú ìpolongo kan nígbà tí ìdìbò bá ń bọ̀, ọ̀pọ̀ àjọ ló sì ń ráhùn pé òfin náà ń dẹ́rù bà wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ohun tó ń gbé àjọ oníkànga lọ sí ọ́fíìsì mínísítà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2000, àwọn olórí orílẹ̀-èdè péjọ sí New York, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé ìpinnu kan fún ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun. Láti inú ìwé náà ni àwọn òṣìṣẹ́ àgbà díẹ̀ ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ wọn ní ilé-iṣẹ́ bíi Báńkì Àgbáyé, ti fa àfojúsùn mẹ́jọ yọ ní 2001, èyí tí a mọ̀ sí MDGs. Wọn kò pe aráyé jọ láti béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́. Mark Malloch Brown, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà UNDP, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ìdàgbàsókè, nígbà náà, ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún pé ìwé náà ti ń lọ sílé ìtẹ̀wé nígbà tí òun ṣèèṣì kọjá lára olórí ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, ìgbà náà ni òun tó rántí pé àwọn ti gbàgbé àyíká pátápátá, ni wọ́n bá sáré padà lọ fi kún un. Bí wọ́n bá lè gbàgbé ilẹ̀ àti igbó, kò yẹ kó yà yín lẹ́nu pé wọ́n tún gbàgbé ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Omi mímu wà nínú MDGs láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbọ̀nsẹ̀ kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni tó bá ti rí ibi tí àgbàrá ti ń gbá ìgbẹ́ wọ inú kànga mọ̀ pé a kò lè ya méjèèjì nípa. Àwọn àjọ tó ń ṣiṣẹ́ omi, tí WaterAid ti Ìlú Ọba wà lára wọn, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn, títí tí àwọn ìjọba fi gbà ní ìpàdé Johannesburg ní 2002 pé kí wọ́n dín ìpín àwọn tí kò ní ìmọ́tótó tó péye kù sí ìdajì kí ó tó di 2015. Ti omi pé ní 2010, ọdún márùn-ún ṣáájú àsìkò. Ti ìgbọ̀nsẹ̀ kò pé: nígbà tí 2015 dé, nǹkan bí bílíọ̀nù 2.4 ènìyàn ni kò tíì ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó bójú mu. Ẹ ó rí i pé kíkọ ọ́ sínú ìwé kò sọ ọ́ di ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ohun tó ṣe ni pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á déédéé, gbèsè tí a bá sì ń kà sí ènìyàn létí ṣòro fún un láti sẹ́.

Nígbà tí SDGs dé ní 2015, àfojúsùn kẹfà kó omi àti ìmọ́tótó pọ̀, ó sì ní kí yíyàgbẹ́ ní gbangba dópin kí 2030 tó parí. Ní Nàìjíríà, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí àṣẹ kan ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019 pé kí ó dópin ní 2025. Ọdún náà pé, wọ́n ṣì ń yàgbẹ́ sẹ́yìn ilé. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ bá ìpínlẹ̀ rẹ̀ rojọ́ lónìí ti ní ìwé tí yóò nà sí wọn, èyí tí bàbá rẹ̀ kò ní ní 2001.

Ní ti lẹ́tà yín, a kò ní tàn yín: lẹ́tà kan ṣoṣo kò lè ṣe púpọ̀. Bí wọ́n bá pọ̀ ni aṣòfin máa ń tagìrì. Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1998, nígbà tí àwọn olórí orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tí a ń pè ní G8 ń ṣèpàdé ní Birmingham, nǹkan bí 70,000 ènìyàn di ara wọn lọ́wọ́ mú yí àárín ìlú náà ká, wọ́n ní kí wọ́n fagi lé gbèsè àwọn orílẹ̀-èdè tálákà. Jubilee 2000 ni orúkọ ìpolongo náà. Àwọn ìjọ Kristẹni, àwọn àjọ aláàánú àti àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló wà nídìí rẹ̀, àwọn tó sì fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ káàkiri ayé tó mílíọ̀nù 24. Nàìjíríà kò rí nǹkan kan gbà nígbà yẹn, torí wọ́n kà wá sí ọlọ́rọ̀ epo. Ó di 2005, nígbà tí ìpolongo Make Poverty History kó ènìyàn tó lé ní 200,000 jáde ní Edinburgh, kí àwọn tí a jẹ ní gbèsè nínú Paris Club tó gbà láti fagi lé bílíọ̀nù 18 dọ́là nínú nǹkan bí bílíọ̀nù 30 tó wà lọ́rùn wa. Ẹ má ṣì wá gbọ́ o: ìwọ́de kọ́ ló san gbèsè wa. Ìdúnàádúrà Ngozi Okonjo-Iweala, mínísítà ètò ìnáwó nígbà náà, àti bílíọ̀nù 12 dọ́là tí a kó kalẹ̀ ló parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ariwo tó ti wà nígboro Ìlú Ọba láti ọdún méje sẹ́yìn mú kó rọrùn fún ìjọba ibẹ̀ láti gbà, torí wọ́n mọ̀ pé àwọn tó ń dìbò fún wọn kò ní bínú sí i.

Owó tó bọ́ lọ́wọ́ gbèsè yẹn, tó tó nǹkan bí bílíọ̀nù kan dọ́là lọ́dún, ni ìjọba Nàìjíríà ní kí wọ́n máa ná sórí MDGs, Amina Mohammed ni wọ́n sì fi ṣe alábòójútó rẹ̀. Obìnrin yìí kan náà ni Ban Ki-moon, Akọ̀wé Àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbà náà, pè lọ sí New York ní 2012 kí ó wá máa gba òun nímọ̀ràn lórí àfojúsùn tuntun. Nítorí náà, Ìyá Ìbejì, bí ẹ bá fẹ́ kọ lẹ́tà náà, ẹ kọ ọ́. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ kọ òmíràn sí àjọ náà fúnra rẹ̀, kí ẹ béèrè iye tí wọ́n ń ná sórí ìpolongo àti iye tó ń lọ sídìí kànga. Ìṣirò owó wọn lọ́dọọdún sì wà lójú òpó Charity Commission fún ẹnikẹ́ni láti wò.

*“Ẹ jọ̀wọ́, ta ló dìbò yan àwọn àjọ wọ̀nyí? Ìjọba tí a yàn ló yẹ kó sọ ohun tí orílẹ̀-èdè ń fẹ́. Èmi rí i pé òyìnbó ló ń san owó fún wọn, òyìnbó ló ń kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n máa sọ, wọ́n á wá ní àwọn ń gbẹnu sọ fún tálákà Áfíríkà.” — Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Abẹ́òkúta*

Bàbá, kò sẹ́ni tó dìbò yàn wọ́n, wọn kò sì ní ìbò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Àwọn orílẹ̀-èdè nìkan ló ń dìbò níbẹ̀. Ohun tí abala 71 nínú ìwé òfin tí wọ́n fi dá àjọ náà sílẹ̀ ní 1945 fún wọn ni àǹfààní pé kí a gbọ́ tẹnu wọn. Bí mínísítà bá gbọ́ tán tí ó ní òun kò gbà, wọ́n á gbé àpò wọn.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè owó tí ẹ béèrè kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfojúdi, àwa náà sì gbà pé ó yẹ kí a máa bi wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àjọ ńláńlá ní Ìlú Ọba ló ń gba apá kan owó wọn lọ́wọ́ ìjọba tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ lọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2016, ìjọba ibẹ̀ kéde pé òun yóò fi í sínú àdéhùn pé àjọ tó bá gba owó òun kò gbọdọ̀ fi owó náà pàrọwà fún òun. Ariwo sọ, wọ́n dá a dúró ní oṣù Kẹrin, wọ́n sì fi ìlànà mìíràn rọ́pò rẹ̀ kí ọdún tó parí. Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́ ènìyàn kì í sábà bá a wí bó ṣe yẹ. Ìgbà mìíràn wà, síbẹ̀, tí wọ́n ti bá a wí. Ní oṣù Keje ọdún 2012, Ban Ki-moon gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti dábàá ohun tí yóò rọ́pò MDGs, ó sì fi David Cameron, Olóòtú Ìjọba Ìlú Ọba, Ellen Johnson Sirleaf, Ààrẹ Làìbéríà, àti Susilo Bambang Yudhoyono, Ààrẹ Indonéṣíà, ṣe alága rẹ̀. Okonjo-Iweala wà lára àwọn ọmọ ìgbìmọ̀. Nígbà tí wọ́n jábọ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, àfojúsùn 12 ni wọ́n dábàá, kò sì sí ọ̀kan tó dá dúró lórí àlàfo tó wà láàárín olówó àti tálákà. Oxfam wà lára àwọn tó bu ẹnu àtẹ́ lu ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olórí ìjọba orílẹ̀-èdè wọn ló wà lórí àga. Ní 2015, àlàfo náà di àfojúsùn kẹwàá nínú SDGs. A kò ní gbé gbogbo oyè rẹ̀ fún àwọn àjọ aláàánú, torí ọ̀pọ̀ ìjọba orílẹ̀-èdè tó ń dàgbà sókè náà fẹ́ ẹ, ìbò sì wà lọ́wọ́ wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti gbé wọ̀n jù lọ ni ti gbígbẹnu sọ fún ẹlòmíràn. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Nínú MDGs mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ àti gbogbo ìlépa tó wà lábẹ́ wọn, kò síbì kankan tí wọ́n ti dárúkọ àwọn tó ní ìpèníjà ara. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ìjọba lè rán ọmọ tó pọ̀ lọ sílé-ìwé, kí ó gba ìyìn, kí afọ́jú àti odi ṣì jókòó sílé, kí ẹnikẹ́ni má sì kà wọ́n. Àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn tó ní ìpèníjà ara dá sílẹ̀ fúnra wọn káàkiri ayé, tí wọ́n ti jà títí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi gba àdéhùn ẹ̀tọ́ wọn wọlé ní 2006, ni wọ́n tún dìde sí èyí. Àwọn àjọ bíi Sightsavers, tó ti ń tọ́jú ojú ní Nàìjíríà láti ọ̀pọ̀ ọdún, sì polongo ọ̀rọ̀ náà ní Ìlú Ọba. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2014, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin ibẹ̀ tó ń rí sí ìdàgbàsókè lókè òkun gbé ìjábọ̀ jáde pé ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń pín owó ìrànwọ́ kò ka àwọn ènìyàn wọ̀nyí sí tó. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kejìlá ọdún náà, ilé-iṣẹ́ náà ti tẹ ìlànà tuntun jáde lórí rẹ̀. Nínú ìwé 2015, wọ́n dárúkọ wọn lábẹ́ ẹ̀kọ́, lábẹ́ iṣẹ́, lábẹ́ ọkọ̀ èrò àti ìlú gbígbé, àti níbi tí wọ́n ti ní kí iye tí a bá kà máa fi ipò wọn hàn lọ́tọ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni àwa kà sí iyebíye jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni kò dùn ún kà.

Ohun tó jẹ́ kí èyí yàtọ̀ ni pé àwọn tó ni ọ̀rọ̀ wà nínú yàrá. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílé: JONAPWD, àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn tó ní ìpèníjà ara ní Nàìjíríà, wà lára àwọn tó lé òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ wọn léèwọ̀ títí tí Ààrẹ fi buwọ́ lù ú ní oṣù Kìíní ọdún 2019. Bí ẹ bá fẹ́ dá àjọ tó ń gbẹnu sọ fún tálákà lẹ́jọ́, ẹ béèrè bóyá tálákà náà wà níbẹ̀, bóyá ó lè sọ pé rárá sí ohun tí àjọ náà kọ. Ọ̀pọ̀ àjọ kò ní yege nínú ìdánwò yẹn.

Bí ẹ bá sì ń bẹ̀rù pé wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ àwọn tí a yàn, ẹ wo ọ̀rọ̀ ìdá 0.7. Láti 1970 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ní kí àwọn orílẹ̀-èdè olówó máa yọ ìdá 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún wọn sílẹ̀ fún ìrànwọ́. Àwọn àjọ aláàánú Ìlú Ọba fi ọ̀pọ̀ ọdún lé e, ìjọba wọn dé iye náà ní 2013, ilé aṣòfin sì sọ ọ́ di òfin ní 2015. Wọ́n jó, wọ́n yọ̀. Ní 2021, ìjọba gé e sí ìdá 0.5, ní oṣù Kejì ọdún 2025, Olóòtú Ìjọba Keir Starmer kéde pé yóò di ìdá 0.3 ní 2027, kí owó lè wà fún ètò ààbò. Òfin náà kò dá wọn dúró, nítorí ohun tó ní kí mínísítà ṣe bí owó kò bá pé kò ju pé kí ó wá ṣàlàyé fún ilé lọ. Àwọn tí a dìbò yàn ló ṣì ń pàṣẹ, Bàbá, bóyá ó dùn mọ́ni tàbí kò dùn mọ́ni.

*“Mo ka ibì kan pé ìgbìmọ̀ Cameron ló kọ SDGs. Olùkọ́ wa ní rárá, pé Áfíríkà náà wà níbẹ̀. Èwo ni òótọ́?” — Akẹ́kọ̀ọ́, Pọ̀bẹ̀, Bẹ̀nẹ̀*

Olùkọ́ yín ló jàre. Àbá lásán ni ti ìgbìmọ̀ Cameron. Àwọn tó kọ àfojúsùn 17 gan-an ni ìgbìmọ̀ àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè tó bẹ̀rẹ̀ ìjókòó ní oṣù Kẹta ọdún 2013, tó sì parí ní oṣù Keje ọdún 2014. Ìjókòó 30 ló wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló sì pín ìjókòó kan ní méjì tàbí mẹ́ta, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tiyín, Bẹ̀nẹ̀, ní ìjókòó tirẹ̀. Macharia Kamau ti Kẹ́ńyà àti Csaba Kőrösi ti Húńgárì ló jọ ṣe alága. Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà náà ti fẹnu kò sí ìwé ìpinnu tirẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ 2014. Ìjọba Ìlú Ọba fẹ́ kí àfojúsùn kéré sí 17. Wọn kò rí i gbà, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015 sì ni gbogbo orílẹ̀-èdè gba 17 náà wọlé pẹ̀lú ìlépa 169. Àwa náà rò pé 169 ti pọ̀ jù fún ìjọba tí kò rántí mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ yọ ọ̀kan kúrò yóò kọ́kọ́ bá àwọn tó jà fún un wíjọ́.

*“Ẹgbẹ́ obìnrin tó ń ṣe gaàrí ni wá ní agbègbè Ìṣẹ́yìn, a kì í ṣe àjọ ńlá. A gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n ń múra àfojúsùn tuntun sílẹ̀. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àwọn ọmọ wa kò ní omi, kò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Báwo ni ọ̀rọ̀ wa ṣe lè dé ọ̀dọ̀ wọn?” — Akọ̀wé ẹgbẹ́*

Ẹ̀yin ìyá wa, ohun tí ẹ ń béèrè ti wà nínú ìwé tó wà nílẹ̀. Lábẹ́ àfojúsùn kẹrin, ìlépa kan wà tó ní kí ilé-ìwé jẹ́ ibi tó bá ọmọbìnrin, ọmọkùnrin àti ọmọ tó ní ìpèníjà ara mu, omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń wọn ìyẹn. Ẹ má dúró de ọdún 2030. Ibi tí àwọn àjọ ńlá ti máa ń kùnà gan-an nìyí: wọ́n mọ bí a ṣe ń ki ọ̀rọ̀ bọ inú ìwé ní New York, ṣùgbọ́n wọn kò lè tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé ní Òkè-Ògùn. Ẹ̀yin lẹ lè ṣe é.

Owó wà tí ó yẹ kí ẹ béèrè. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004 ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún àpò owó rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, kí àjọ UBEC sì máa pín in fún àwọn ìpínlẹ̀. Ṣùgbọ́n láti gba apá tó pọ̀ jù, ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé iye kan náà kalẹ̀ láti àpò ara rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ wà tí kì í gbé tiwọn kalẹ̀ lásìkò, owó á sì wà ní Àbújá láìsí ẹni tó gbà á. Ẹ kọ̀wé sí UBEC kí ẹ béèrè ọdún tí ìpínlẹ̀ yín gba owó gbẹ̀yìn, iye tó gbà, àti bóyá orúkọ ilé-ìwé yín wà nínú iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn máa fi ṣe. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 ni kí ẹ dárúkọ nínú lẹ́tà náà. Ẹ kò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè, wọ́n sì ní ọjọ́ méje láti dáhùn. Ẹ mú ẹ̀dà lẹ́tà náà sọ́wọ́, kí ẹnì kan sì fọwọ́ sí i pé àwọn gbà á.

Ní ti àfojúsùn tuntun, àwọn ìjọba fẹnu kò ní New York ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 pé oṣù Kẹsàn-án ọdún 2027 ni àwọn yóò jókòó lórí bí ìdàgbàsókè yóò ṣe máa lọ títí dé 2030 àti lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí Nàìjíríà máa gbé lọ síbẹ̀ ni ẹ lè fọwọ́ kàn. Ọ́fíìsì kan wà lábẹ́ Ààrẹ tó ń rí sí SDGs, òun ló sì ṣètò ìjábọ̀ tí Nàìjíríà gbé lọ síwájú àgbáyé ní 2017 àti 2020. Ẹ má ṣe wàhálà láti forúkọ ẹgbẹ́ yín sílẹ̀ ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fúnra rẹ̀. Ìwé rẹ̀ gùn, ìgbìmọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè 19 ló sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ó sàn kí ẹ so mọ́ àpapọ̀ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tàbí ti obìnrin tó ti ní àyè níbẹ̀, nítorí láti 1992, ní ìpàdé Rio, ni wọ́n ti yan ẹ̀ka mẹ́sàn-án láàárín ará ìlú tí ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ máa ti ọ̀dọ̀ wọn wá, obìnrin àti àgbẹ̀ sì wà nínú wọn. Àmọ́ kí ẹ tó so mọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ béèrè bóyá wọ́n á ka ohun tí wọ́n kọ sétí yín ní Yorùbá kí wọ́n tó fi ránṣẹ́.

Ohun tí ẹ máa gbé fún wọn ni ìṣirò, kì í ṣe ẹkún. Ẹ ka iye ọmọ tó wà ní ilé-ìwé náà, lọ́kùnrin lóbìnrin, iye tó ní ìpèníjà ara, bí odò tàbí kànga tí wọ́n ti ń pọnmi ṣe jìnnà tó, àti iye ọjọ́ tí àwọn ọmọbìnrin ń pa jẹ lóṣù nítorí àìsí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ ṣe é fún sáà mẹ́ta, kí ẹ fi déètì sí i, kí ọ̀gá ilé-ìwé fọwọ́ sí i. Lẹ́tà UBEC ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Bí ọjọ́ méje bá kọjá tí wọn kò dáhùn, òfin náà fún yín ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ẹ sì lè sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn nínú lẹ́tà kejì.